Òrúrù Wa, Pánsẹ́kẹ́ Àlejò: Ọ̀rọ̀ Lórí Igi Olódòdó Méjì

Àwọn tí ò ráyè wá sípàdé lọ́jọ́ Sátidé ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, torí náà bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, ẹ má retí èdè ìwé. Àwọn tó wà níbẹ̀ á rí i pé mo ti yọ díẹ̀ kúrò, pàápàá àwọn àwàdà tí mo fi ìyàwó mi ṣe, torí òun náà ń ka nǹkan lórí fóònù.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Igi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Kì í ṣe igi tá a fi ń kan òrùlé, kì í ṣe igi eléso, igi olódòdó ni, igi tí èèyàn kàn gbìn torí pé ó rẹwà. Ẹnì kan ti dá mi dúró níta kí n tó wọlé, ó ní tíṣà, kí ni èyí fẹ́ ṣe fún ẹni tí ò tíì rówó gáàrì? Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo nǹkan kan, tó bá di bí Oṣù Kẹrin sí Oṣù Karùn-ún, tójò ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ wo inú ọgbà àwọn ilé-ìwé àtijọ́ l'Óṣogbo yìí, ẹ wo apá GRA, igi kan wà tó máa pọ́n bẹ̀rẹ̀jẹ̀ láti òkè délẹ̀, abẹ́ ẹ̀ gan-an lẹni tí ò rówó gáàrì máa lọ jókòó sí kí oòrùn má baà pa á.

Igi yẹn lẹ mọ̀ sí flamboyant. Àwọn kan ń pè é ní ṣẹ̀kẹ̀ṣẹkẹ̀, àwọn míì ní pánsẹ́kẹ́, bíi àdúgbò Pánsẹ́kẹ́ tó wà l'Ábẹ́òkúta, pánsẹ́kẹ́ yẹn lèmi máa máa lò lónìí torí ó dùn lẹ́nu mi. Kò sẹ́ni tó lọ síléèwé láyé ìgbà tiwa tí ò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọbìnrin á já òdòdó ẹ̀, wọ́n á lẹ ewé ẹ̀ mọ́ èékánná wọn bí ìyàwó òyìnbó, àwa ọkùnrin á mú èso ẹ̀ gígùn yẹn tó ti gbẹ, a ó fi jà bí idà títí tíṣà á fi gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ wa tá á sì fi èyí tó gùn jù nínú ẹ̀ nà wá. Tẹ́ ẹ bá bi ọmọ ilé-ìwé pé níbo nigi yìí ti wá, á ní ṣebí ibẹ̀ náà ni wọ́n bá a nígbà tí wọ́n kọ́ skúùlù.

Irọ́ ni. Madagásíkà ló ti wá, erékùṣù ńlá tó wà nínú òkun lápá ìlà oòrùn Áfíríkà, àní apá ìwọ̀ oòrùn erékùṣù ọ̀hún níbi tílẹ̀ ti gbẹ, tí igbó máa ń wọ́wé dànù lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí nìyẹn tí pánsẹ́kẹ́ tiwa náà fi máa ń ṣí lórí nígbà ọyẹ́, ìwà ilé ẹ̀ ni, kò gbàgbé. Ẹni tó gbé òkìkí ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wenceslas Bojer, ọmọ Bohemia, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Czech báyìí. 1795 ni wọ́n bí i, Mauritius ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé ẹ̀, ó tiẹ̀ ṣe ọ̀gá ọgbà ńlá Pamplemousses níbẹ̀ fún sáà díẹ̀, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1856. Láàárín àwọn ọdún 1820 ló rí igi yìí ní Foulpointe, létí òkun lápá ìlà oòrùn Madagásíkà. Ẹ fetí sí èyí dáadáa o, kì í ṣe inú igbó ló ti rí i, gbígbìn ni wọ́n gbìn ín síbẹ̀, lápá ibi tí kì í ṣe ilé ẹ̀ rárá. Ìyẹn ni pé kí Bojer tó yọjú, ẹnì kan ti rí i pé igi yìí dára, ó ti gbé e rìn, ó ti gbìn ín. Orúkọ ẹni yẹn ò sí níwèé kankan. Gbogbo ìtàn ọgbà ló rí báyìí, ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ni wọ́n á ní ó kọ́kọ́ rí i.

Ní 1829, ìwé ìròyìn àwọn onígi ní London, Curtis's Botanical Magazine, tẹ àwòrán ẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní Poinciana regia. Ọ̀gbẹ́ni de Poincy tí wọ́n fi sọ ọ́ yìí, gómìnà àwọn Faransé ni ní àwọn erékùṣù Caribbean láyé ọdún 1600 sókè, ó ti kú tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán igi ọ̀hún, mi ò rò pé ó fojú kàn án rí. Nígbà tó di 1837, onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Rafinesque gbé e kúrò níbẹ̀, ó sọ ọ́ di Delonix, orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní nìyẹn, Delonix regia. Mo mọ̀ pé orúkọ báyìí ń sú yín, ó súmi náà nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì, ẹ jẹ́ ká kọjá.

Nǹkan tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ pánsẹ́kẹ́ ni pé gbogbo ayé ti ń gbìn ín, wọ́n ti gbìn ín ní Índíà, wọ́n ti gbìn ín ní Caribbean débi pé òun ni òdòdó orílẹ̀-èdè Saint Kitts and Nevis, wọ́n ti gbìn ín ní Florida, ní Vietnam àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ di òdòdó tiwọn torí pé ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá ló máa ń tanná, síbẹ̀ wọn ò mọ ibi tó ti ń hù fúnra ẹ̀ nínú igbó àfi ìgbà tó di 1932. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí Bojer rí i! Igi tó wà níwájú ilé gómìnà káàkiri ayé, kò sẹ́ni tó mọ ìlú bàbá ẹ̀. Títí di báyìí náà, wọ́n ṣì ń gé igbó tó ti ṣẹ̀ wá fún èédú, bẹ́ẹ̀ ló kún etí títì ní gbogbo ayé.

Báwo ló ṣe rìn tó bẹ́ẹ̀? Kóró ẹ̀ ni. Kóró pánsẹ́kẹ́ le bí òkúta, ẹ fi sápò, ẹ wọkọ̀ ojú omi fún oṣù mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá débi tẹ́ ẹ̀ ń lọ á ṣì hù. Àwọn igi míì ò rí bẹ́ẹ̀, iyọ̀ òkun á ti pa wọ́n lójú ọ̀nà. Dókítà kan ní London, Nathaniel Ward, ló wá ọ̀nà sí ìyẹn ní 1829 kan náà, ó rí i pé téèyàn bá gbin nǹkan sínú àpótí onígíláàsì tó dé pa, omi inú ẹ̀ á máa gòkè á máa padà wálẹ̀, igi ò ní kú. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń kó igi láti ìpẹ̀kun ayé kan dé ìkejì, tíì, rọ́bà, cinchona tí wọ́n fi ń ṣe oògùn ibà, àti àwọn olódòdó.

Àwa náà ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Ní 1887, nígbà tí Alfred Moloney ń ṣe gómìnà Èkó, wọ́n dá ọgbà ìjọba sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán igi wò tí wọ́n sì ti ń pín ọmọ igi fáwọn èèyàn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe alábòójútó ibẹ̀ ń jẹ́ Henry Millen, ẹ̀yin onílù tó wà níbí, igi ọmọ̀ tẹ́ ẹ fi ń gbẹ́ ìlù, orúkọ tí wọ́n fún un ní sáyẹ́ǹsì ni Cordia millenii, Millen yìí náà ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Àyàn ti ń gbẹ́ ọmọ̀ látọdúnmọ́dún, Millen ló wá jẹ orúkọ. Nígbà tí rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, bí òyìnbó ṣe ń kọ́ kwátásì ni wọ́n ń gbin igi òjìji àti igi olódòdó síwájú ẹ̀, mísọ́n náà ń gbìn ín síléèwé, báyìí nirú ọgbà tí wọ́n ń ṣe ní Índíà àti Mauritius ṣe di ọgbà tiwa, tá a wá rò pé bí ọgbà ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ilé ẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ lónìí, pánsẹ́kẹ́ ló ń wá, tàbí masquerade, tàbí royal palm. Kò sẹ́ni tó máa ní ẹ bá mi wá òrúrù.

Ibi tí mò ń bọ̀ nìyẹn. Kí lòrúrù? Mo béèrè ọ̀rọ̀ yìí níbí, àwọn àgbà mẹ́ta péré ló nawọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ti rí i, ẹ ò kàn mọ orúkọ ẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ń lọ lọ́nà Ìkìrun tàbí lọ́nà Iléṣà, létí oko tí wọ́n ti fi sílẹ̀, ẹ óò rí igi kan tó ga, òdòdó ẹ̀ pupa bí iná, ó tóbi tó ìkúùkù, gbogbo ẹ̀ kọjú sókè ní orí ẹ̀ka, kò sorí kodò. Òrúrù nìyẹn. Àwọn babaláwo mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹsẹ Ifá kan wà tó ní "Òrúrù wẹ̀wù ẹ̀jẹ̀ kanlẹ̀". Ẹ wò ó, gbólóhùn kan ṣoṣo, mo ti ka ojú ìwé mẹ́ta èdè òyìnbó lórí òdòdó òrúrù, kò sí èyí tó jẹ́ kí n rí i tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òdòdó yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ló dùn jù lọ fún mi. Kó tó tanná, ìrudi ẹ̀ máa ń rí ṣóńṣó, ó tẹ̀ díẹ̀ bí èékánná ẹkùn, ó pọ̀ jọ sójú kan bí ìgbà tí wọ́n to ìka sára wọn. Ẹ já ọ̀kan, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, omi á tú jáde fírí! Kì í ṣe omi òjò o, igi yẹn ló pọn ọ́n síbẹ̀ fúnra ẹ̀, inú àpò tó bo òdòdó ló ń sun ún sí, àárín omi yẹn ni òdòdó ti ń dàgbà. Gbogbo ibi tí wọ́n gbìn ín sí láyé ni àwọn ọmọdé ti mọ̀ ọ́n bí ìbọn olómi. (Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ skúùlù, ó máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀.) Àwọn ìrudi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ta ló máa kọ́kọ́ ṣí, díẹ̀díẹ̀, tó máa fi kan èyí tó wà láàárín, torí náà ìdì òdòdó kan ṣoṣo lè wà lójú fún ọjọ́ pípẹ́. Tó bá wá ṣí tán, ife ni, ife tó kọjú sókè, òjò àti ìrì á ro sínú ẹ̀, àwọn ẹyẹ á wá mu. Àwọn ẹyẹ kéékèèké ẹlẹ́nu gígùn ló máa ń wá lọ́sàn-án, àdán á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn lóru, àwọn ló ń gbé àtíkè òdòdó láti orí igi kan dé òmíràn. Lẹ́yìn náà ló máa so, èso ẹ̀ gùn, ó dà bí ọkọ̀ ojú omi kékeré, tó bá gbẹ á là sí méjì, kóró inú ẹ̀ á tó bíi 500, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìyẹ́ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára, atẹ́gùn kékeré báyìí á ti gbé e lọ. Ẹ fi kóró yẹn sọ́kàn, òun ló máa dá wàhálà sílẹ̀ níwájú.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ òrúrù sínú ìwé sáyẹ́ǹsì ni Palisot de Beauvois, ará Faransé. Ìtàn tiẹ̀ ò dùn gbọ́ bíi ti Bojer. Ní 1786 ló bá ọ̀gá ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Landolphe wá sí Ìwẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ń pè ní Warri báyìí, wọ́n fẹ́ dá ibùdó òwò sílẹ̀ níbẹ̀, òwò yẹn sì ni òwò ẹrú. Àwọn kan ń kó èèyàn, òun ń kó ewé àti kòkòrò, lábẹ́ òrùlé kan náà. Ó rìn ní ilẹ̀ Ìwẹ̀rẹ̀ àti ilẹ̀ Ìbìní, àìsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, wọ́n gbé e kọjá sí Saint-Domingue ní 1788, ìyẹn Haiti òní, ìgbà tó débẹ̀ ó bọ́ sí ìgbìmọ̀ àwọn amúnisìn, ó sì lòdì sí kí wọ́n tú ẹrú sílẹ̀. Àwọn ẹrú dìde, ìlú Cap-Français jóná, ọ̀pọ̀ nǹkan tó kó jọ láti ọ̀dọ̀ wa bá iná yẹn lọ. Mi ò ní parọ́ fún yín, nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀ n ò káàánú ẹ̀. Èyí tó ti fi ránṣẹ́ sí Paris ṣáájú ló ṣẹ́kù, ìyẹn ló fi kọ ìwé lórí ewéko Ìwẹ̀rẹ̀ àti Ìbìní nígbà tó padà sílé, inú ẹ̀ ló ti fún òrúrù lórúkọ ní 1805, Spathodea campanulata.

Nínú ìwé kan náà, òrúrù àti igi míì ló kọ tẹ̀ léra, ó ní ẹbí kan náà ni wọ́n, ó pe ìyẹn ní Spathodea laevis. Ẹ mọ igi wo ni? Akòko! Akòko tá a fi ń jẹ oyè! Àwọn mìíràn ló wá yà á sọ́tọ̀ lẹ́yìn náà tí wọ́n sọ ọ́ di Newbouldia laevis, ṣùgbọ́n ìdílé ńlá kan náà ni wọ́n ṣì wà, ìdílé Bignoniaceae, àti akòko, àti òrúrù, àti pándòrò tí èso ẹ̀ máa ń rọ̀ bí ìṣù. Jacaranda náà wà níbẹ̀, igi aláwọ̀ àlùkò tó sọ ìlú Pretoria ní South Africa di olókìkí, Gúúsù Amẹ́ríkà nìyẹn ti wá. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí ìjòyè kan tí wọ́n fi ewé akòko lé lórí, ẹ mọ̀ pé ọmọ ìyá òrúrù ló wà lórí yẹn. Ọmọ ìyá kan wà láàfin, èkejì wà nígbó, kò sẹ́ni tó kí i.

Ṣùgbọ́n níta? Háà. Òrúrù di gbajúmọ̀! Wọ́n gbìn ín sétí títì ní Singapore, ní Sri Lanka, ní Hawaii, ní Brazil, ní Queensland lọ́hùn-ún ní Australia, àwọn olówó gbìn ín síwájú ilé, àwọn káńsù gbìn ín sí pápá ìṣeré. Orílẹ̀-èdè Gabon tó wà nítòsí wa ti mú un ní òdòdó orílẹ̀-èdè wọn, wọn ò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Wàhálà wá bẹ̀rẹ̀. Kóró oníyẹ̀ẹ́ yẹn fò jáde nínú ọgbà, ó wọ inú oko, ó wọ inú igbó. Ní Fiji, àwọn àgbẹ̀ gé e, gbòǹgbò ẹ̀ tún ta ọmọ, wọ́n fi igi ẹ̀ ṣe òpó fẹ́ǹsì, òpó yẹn hù! Ní Hawaii ó wọ inú àwọn àfonífojì tútù tó jẹ́ ilé àwọn igi tí ò sí níbòmíràn láyé. Ìgbà tó di 2000, nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá gbé orúkọ ohun ẹlẹ́mìí 100 tó burú jù jáde, àwọn àlejò tó ń gba ilẹ̀ mọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́, òrúrù wà nínú ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Santa Catarina ní Brazil fòfin de gbígbìn ẹ̀ torí pé wọ́n ń bá òkú oyin nínú òdòdó ẹ̀, irú oyin kéékèèké tí kì í ta èèyàn, ohun tó wà nínú òdòdó yẹn kò bá wọn lára mu. Ní Puerto Rico, òun ló pọ̀ jù nínú igi tó wà nínú igbó wọn báyìí, torí nígbà tí àwọn èèyàn pa oko ìrèké àti oko kọfí tì, òun ló kọ́kọ́ dé sórí ilẹ̀ tó ti ṣá yẹn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ lójú méjì o, àwọn onímọ̀ igbó kan níbẹ̀ sọ pé kò burú tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀, wọ́n ní abẹ́ òjìji òrúrù làwọn igi ọmọ onílẹ̀ ti ń padà hù níbi tí oòrùn ti sun ilẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí ló wá dé tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ níbí? Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi mí nìyẹn. Òrúrù ò gba Òṣogbo, ẹ ní láti wá a kẹ́ ẹ tó rí i. Ìdí ni pé ibí làwọn tó mọ̀ ọ́n wà, kòkòrò tó ń jẹ ewé ẹ̀ wà níbí, èyí tó ń mú ewé ẹ̀ wú wà níbí, àrùn tó ń bá a jà wà níbí, àwọn igi míì tó ń bá a du oòrùn wà níbí, àràbà, ìrókò, afàrà, kò sí èyí tó máa ní kó kọjá. Bí ọmọ tí wọ́n rán lọ sílé àjòjì tí ò sí àbúrò bàbá tó máa kò ó lójú ló ṣe rí ní Fiji. Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n wá ṣe? Wọ́n padà wá síbí! Àwọn onísáyẹ́ǹsì wá sí Ghana, wọ́n ń wá ẹni tó ń jẹ òrúrù nílé, wọ́n rí kòkòrò tíńtín kan tójú lásán ò lè rí, tó máa ń sọ ewé ẹ̀ di kókó, wọ́n gbé e dé erékùṣù Rarotonga nínú òkun Pàsífíìkì, wọ́n tú u sílẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí 2017 kó lọ máa bá òrúrù jà. Igi wa ti kọ́kọ́ rìnrìn àjò, ọ̀tá ẹ̀ wá bá a lọ.

Torí náà ohun tí mò ń sọ ò le. Mi ò ní kẹ́ ẹ gé pánsẹ́kẹ́ yín o, ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó ti di onílé, òjìji ẹ̀ dára, kò sì ba igbó wa jẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbin igi olódòdó tuntun l'Óṣogbo, ẹ gbin òrúrù. Ibì kan tó yẹ kí èèyàn ti gbìn ín láìbẹ̀rù nìyí, torí ilé ẹ̀ nìyí. Èèyàn tó wà ní Hawaii ò lè gbìn ín mọ́ kí ọkàn ẹ̀ balẹ̀, àwa lè gbìn ín, a ò gbìn ín.

Àti pé ìlú wo ló yẹ kó mọyì igi bí kì í ṣe tiwa? Ọ̀rọ̀ igi la fi tẹ ìlú yìí dó. Ẹ mọ ìtàn yẹn jù mí lọ, Lárọ́òyè àti Tìmẹ́hìn gé igi, igi wó sódò, ohùn kan dún láti inú omi pé ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi tán. Ẹ̀kan náà tí wọ́n gé igi, wọ́n gbọ́ nǹkan tí wọ́n gbọ́, wọ́n ṣí kúrò létí odò, wọ́n fi igbó sílẹ̀ fún onígbó. Igbó Ọ̀ṣun yẹn ló ṣì wà níbẹ̀, hẹ́kítà 75, UNESCO gbà á sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé ní 2005, wọ́n ní irú ewéko tó wà nínú ẹ̀ lé ní 400, èyí tó lé ní 200 nínú ẹ̀ ló wúlò fún oògùn. Kì í ṣe pé ó kàn ṣẹ́kù bẹ́ẹ̀ náà o. Láyé àwọn ọdún 1950, wọ́n gba apá kan níbẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó ìjọba, wọ́n gé igi, wọ́n gbin igi tuntun sí i ní ẹsẹẹsẹ, káwọn Susanne Wenger, Àdùnní Olóòrìṣà, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà tó dúró tì í tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún un. Òyìnbó ni Àdùnní náà, ọmọ Austria. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ òyìnbó àti dúdú kọ́ ni mò ń sọ, ọ̀rọ̀ ẹni tó wo nǹkan dáadáa ni.

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí nìyí, mi ò lè kọ gbogbo ẹ̀.

Bàbá kan ní igi tí Ifá sọ pé ó wẹ̀wù ẹ̀jẹ̀, ṣé kò ní kó àjẹ́ jọ sílé òun? Mo ní bàbá, ẹyẹ ló máa kó jọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹyẹ tí mò ń wí o, kì í ṣe àwọn ẹlẹ́yẹ. Bàbá ní òun ò rí ìyàtọ̀. Mo sọ fún wọn pé ẹsẹ Ifá dárúkọ ìrókò náà, dárúkọ ọ̀pẹ náà, a ò torí ẹ̀ má jẹ epo, ṣùgbọ́n mo rí i lójú wọn pé wọn ò ní gbìn ín, kò burú, wọ́n lè gbin akòko.

Màmá kan tó ń ta fùláwà lẹ́bàá títì béèrè pé báwo ló ṣe yẹ kó jìnnà sílé tó. Ìbéèrè yìí ló dáa jù. Ẹ má gbìn ín sábẹ́ wáyà iná, ẹ má gbìn ín síbi tẹ́ ẹ̀ ń páàkì mọ́tò, torí igi òrúrù rọ̀, kò lágbára, atẹ́gùn tójò bá kọ́kọ́ rọ̀ lè ṣẹ́ ẹ̀ka ẹ̀. Ẹ fún un ní ẹsẹ̀ bàtà 30 ó kéré tán sí ilé àti fẹ́ǹsì. Pánsẹ́kẹ́ náà ò sàn jù ú, gbòǹgbò tiẹ̀ ò wọlẹ̀, orí ilẹ̀ ló máa ń rìn, á gbé sìmẹ́ǹtì, á wọ sọ́kàwéè. Ẹni tó ní ilẹ̀ ìdajì pulọ́ọ̀tì, kó má gbin èyíkéyìí nínú méjèèjì, akòko ló máa gbà á, kì í gba àyè, òdòdó ẹ̀ náà rẹwà, ó pupa rẹ́súrẹ́sú báyìí.

Ọ̀dọ́ kan béèrè bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Kóró pánsẹ́kẹ́, ẹ bu omi gbígbóná lé e, ẹ fi sínú ẹ̀ mọ́jú, tàbí kẹ́ ẹ fi fáìlì ha ẹ̀gbẹ́ kan kí omi lè ráyè wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ óò dúró títí. Ti òrúrù ò ní wàhálà, ẹ mú èso kó tó là tán, torí tó bá là tán atẹ́gùn ti kó o lọ, ẹ fọ́n kóró ẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀ tó rọ̀, kẹ́ ẹ bu ìyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lé e, kí omi má tán níbẹ̀, kí oòrùn má sì pa á jù. Ẹ tún lè hú ọmọ tó bá ta lẹ́bàá ìyá ẹ̀. Àwọn kan ti hù níwájú ilé mi báyìí, mò ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bọ̀ kó mú náílọ́ọ̀nù dúdú tí wọ́n fi ń gbin nǹkan dání, torí náílọ́ọ̀nù ló wọ́n nísinsìnyí, kì í ṣe igi.